“Ọ̀kan ni gbogbo wọn”: kí ni ìyá Híńdù tó múlé tì yín ń sọ gan-an?

Ìbéèrè kan wọlé sí mi lọ́wọ́ òǹkàwé wa kan, mo sì gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Ìyá àgbà kan tó wá láti Gujarat ní orílẹ̀-èdè Íńdíà ló múlé tì wá, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ mi bí ẹni pé òun ló bí ìyá wọn. Lọ́jọ́ tó pè mí wọlé, mo rí ibi tó ti ń gbàdúrà. Ère olórí erin kan wà níbẹ̀, ti obìnrin kan tó dúró lórí òdòdó, àti àwòrán ńlá kan láàárín, ọmọdé kan tí ojú rẹ̀ dúdú, tó na ọwọ́ òsì sókè. Mo bi í pé èwo nínú wọn ni Ọlọ́run. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀kan ni gbogbo wọn, ó ní èmi náà pẹ̀lú wọn, ọ̀kan ni wá, ó sì ní ayé tí à ń rí yìí, màyá ni. Ọmọ ìjọ ni mí, ọ̀rọ̀ náà sì dẹ́rù bà mí. Ṣé ọ̀kan ni wọ́n ń sìn ni àbí ọ̀pọ̀? Ṣé ó ń pè mí ní Ọlọ́run ni? Ṣé lóòótọ́ ni ìwé mímọ́ wọn sọ pé irọ́ ni ayé?”

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó sá. Ọ̀pọ̀ ló ń sá láìbéèrè. Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi, nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ iye, pé mélòó ni wọ́n ń sìn. Ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwa èèyàn, pé kí ló so wá pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń sìn. Ìkẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé, pé ṣé òótọ́ ni àbí ìtànjẹ. Ti iye ló máa ń ká wa lára jù, òun gan-an ló sì rọrùn jù láti dáhùn. Méjì tó kù ni àwọn onímọ̀ Híńdù fúnra wọn ti ń jà lé lórí fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ìjà náà kò sì tíì parí. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀sìn ayé ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì kọ́ Sanskrit, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ wọn, dé ìwọ̀n tí mo fi lè ka àwọn Upanishad, ọ̀kan lára àwọn ìwé náà, bí ìwé atúmọ̀ èdè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù. Ohun tí ìwé wọn sọ ni mo lè sọ fún yín. Ohun tó wà lọ́kàn ìyá yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ohun tí ìwé wọn pè ní ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, èyí tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì lópin, ni Brahman. Brahmā, tí wọ́n fa ìparí orúkọ rẹ̀ gùn, jẹ́ ẹ̀dá ọ̀run kan tó lórí mẹ́rin, tí ìtàn wọn sọ pé òun ló mọ ayé. Brahmin sì ni èèyàn bíi tiwa, ẹni tí iṣẹ́ àlùfáà jẹ́ ti ìdílé rẹ̀. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ dà bí ẹni tó kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ láìfi àmì ohùn sí i, tí òǹkàwé wá ń rò pé ìyàwó ló wa ọkọ rẹ̀ lọ sọ́jà. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Nínú Sanskrit, ọ̀rọ̀ orúkọ a máa jẹ́ akọ, tàbí abo, tàbí èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Akọ ni Brahmā. Brahman kò sí nínú akọ, kò sí nínú abo. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń há síbẹ̀, nítorí èdè yẹn ní kí wọ́n yan ọkùnrin, obìnrin tàbí nǹkan. “Ó” tiwa gba gbogbo wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ni wá lára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Upanishad fúnra wọn sábà máa ń pè é ní tat, tí í ṣe “ìyẹn”, bí ìgbà tí èèyàn nawọ́ sí ohun kan tí kò fẹ́ dárúkọ.

Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo Híńdù dì mú bí àwa Kristẹni ti di Bíbélì mú tàbí bí Mùsùlùmí ti di Kùránì mú, kò sì sí olórí kan tó lè pàṣẹ fún gbogbo wọn. Àwọn Veda mẹ́rin ni àgbà. Rigveda ló pẹ́ jù nínú wọn, ẹnu ni wọ́n sì fi gbé e láti ìran dé ìran fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ó tó di kíkọ sílẹ̀, bí àwọn babaláwo ti ń gbé ẹsẹ Ifá. Àwọn Upanishad wà ní ìparí Veda, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Brahman ti gbilẹ̀. Bhagavad Gita, tó ní ẹsẹ 700 nínú orí 18, wà nínú ìtàn ogun ńlá tí wọ́n ń pè ní Mahabharata. Lẹ́yìn èyí ni Brahma Sutra, tó gbìyànjú láti so ọ̀rọ̀ àwọn Upanishad pọ̀ ní gbólóhùn kúkúrú-kúkúrú, kúkúrú débi pé kò sẹ́ni tó lè lóye rẹ̀ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olùkọ́ tó bá sì fẹ́ kí wọ́n ka òun kún, ó ní láti fi hàn pé ẹ̀kọ́ òun bá Upanishad, Gita àti Sutra mu. Ìwé kan náà ni wọ́n ń kà. Ohun tí wọ́n kà jáde nínú rẹ̀ kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iye. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè. Brihadaranyaka Upanishad ròyìn pé Ọba Janaka ti Videha kó 1,000 màlúù jọ, ó so wúrà mọ́ ìwo wọn, ó ní kí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ bá jinlẹ̀ jù kó wọn lọ. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Yajnavalkya kò dúró de ìdíje rárá, ó ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ òun máa dà wọ́n lọ sílé. Inú bí àwọn tó kù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Vidagdha Shakalya bi í pé mélòó ni àwọn ọlọ́run. Ó ní 3,306. Shakalya ní ó dáa, ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n gan-an? Ó ní 33. Mélòó gan-an? Mẹ́fà. Ó tún bi í, ó ní mẹ́ta. Ó tún bi í, ó ní méjì. Ó tún bi í, ó ní ọ̀kan ààbọ̀. Ó tún bi í, ó ní ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ọ̀kan ààbọ̀ yẹn púpọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ló pè bẹ́ẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ náà dárà lórí orúkọ tí Sanskrit ń pe ọ̀kan ààbọ̀, ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Shakalya bi í pé ta wá ni ọ̀kan náà, ó ní èémí ni, Brahman ni, “ìyẹn” ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó yẹ kí a wò dáadáa nínú ìtàn yìí ni pé Yajnavalkya kò pe 3,306 ní irọ́. Ó ní agbára àti ògo àwọn 33 ni wọ́n, ó sì ń tú wọn bí ẹni tú òwú títí ó fi kan orísun. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ti tọ́ wa, bí wọ́n bá sọ pé ọ̀kan ni Ọlọ́run, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn tó kù kì í ṣe nǹkan kan. Níbí, ọ̀kan ni ohun tí ọ̀pọ̀ ti jáde, tí ọ̀pọ̀ sì jẹ́. Rigveda ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú, pé ọ̀kan ni ohun tó wà, àwọn ọlọ́gbọ́n ló ń fi orúkọ púpọ̀ pè é: Agni, Yama, Matarishvan. Nítorí náà, bí ìyá yẹn ti ní “ọ̀kan ni gbogbo wọn”, kò dédé hùmọ̀ ọ̀rọ̀ láti fi tù yín nínú nítorí pé ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ. Ọ̀rọ̀ àtọdúnmọ́dún ló sọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ kí n sọ pé wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn ọlọ́run kan tàbí ọlọ́run púpọ̀, n kò ní sọ ọ́, nítorí àpótí méjèèjì yẹn, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti kàn wọ́n.

Kí wá ni ọ̀kan yìí? Ìtàn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú orí kẹfà Chandogya Upanishad. Uddalaka rán Shvetaketu ọmọ rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ọmọ ọdún 12. Ó padà dé ní ọmọ ọdún 24, ó ti ka gbogbo Veda, ìgbéraga sì ti kún inú rẹ̀. Bàbá bi í pé, ṣé o béèrè ohun tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, ó mọ ohun gbogbo? Ọmọ ní irú nǹkan wo nìyẹn. Bàbá ní, ẹni tó bá mọ ìṣù amọ̀ kan ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Orúkọ ló ya ìkòkò àti àwo sọ́tọ̀, amọ̀ ni òótọ́ wọn. Ó ní kí ó já èso nyagrodha wá, igi kan tó jẹ́ ìbátan ọdán tiwa, tí gbòǹgbò ń ti orí ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Là á. Mo ti là á. Kí lo rí? Hóró wínníwínní. La ọ̀kan nínú wọn. Mo ti là á. Kí lo rí? N kò rí nǹkan kan. Bàbá ní, inú ohun tí o kò rí yẹn ni igi ńlá yìí ti jáde. Ó tún ní kí ó sọ iyọ̀ sínú omi, kí ó padà wá láàárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí ó gbé iyọ̀ àná wá. Ọmọ wá a títí, kò rí i. Ó ní kí ó tọ́ omi náà wò láti etí kan, láti àárín, láti etí kejì. Iyọ̀ ni níbi gbogbo. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tó wà lóòótọ́ ṣe wà níhìn-ín tí ojú rẹ kò tó o. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló fi gbólóhùn kan náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀: tat tvam asi, ìyẹn ni ìwọ.

Ọdọọdún ni mo máa ń gbé ife omi àti iyọ̀ wọ kíláàsì nítorí ìtàn yìí. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn tọ́ ọ wò, ó yínmú, ó ní, “Ọ̀gá, iyọ̀ yìí kò di omi o. Ẹ gbé e kaná kí omi gbẹ, ẹ ó bá iyọ̀ nídìí ìkòkò.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí ibi tí ọmọ náà dé láìmọ̀ ni ibi tí àwọn àgbà olùkọ́ Íńdíà ti pínyà. Bí iyọ̀ bá wà nínú gbogbo omi, ṣé omi ti di iyọ̀ ni, àbí iyọ̀ wà nínú omi láìjẹ́ pé ó di omi? Bí Brahman bá wà nínú mi, ṣé èmi ni Brahman, àbí Brahman ń gbé inú mi?

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wọn gbà. Taittiriya Upanishad pe Brahman ní òótọ́, ìmọ̀ àti àìlópin. Yajnavalkya ní bí èèyàn bá fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, neti neti ló kù láti sọ: kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí. Kena Upanishad sọ ti ọjọ́ tí àwọn ọlọ́run ṣẹ́gun tí wọ́n ń fọ́nnu pé agbára àwọn ni, tí ẹ̀dá àràmàǹdà kan yọ sí wọn. Ó fi koríko kan lélẹ̀ níwájú Agni, tí í ṣe iná, ó ní kí ó jó o. Agni sa gbogbo ipá rẹ̀, koríko kò jó. Ó ní kí Vayu, tí í ṣe afẹ́fẹ́, fẹ́ ẹ lọ. Koríko kò mira. Nígbà tí Indra, ọba àwọn ọlọ́run náà, súnmọ́ ọn, ẹ̀dá náà pòórá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Uma ló wá sọ fún un pé Brahman ni ẹ rí yẹn, òun ló ni ìṣẹ́gun tí ẹ ń gbé ga. Àwọn ìwé wọ̀nyí sì lójútì tó láti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu lọ. Orin kan nínú ìwé kẹwàá Rigveda, ẹsẹ méje péré, bi í léèrè bí ayé ti ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ pé ẹni tó ń bojú wo ayé láti òkè ọ̀run lọ́hùn-ún ló mọ̀, tàbí bóyá òun náà kò mọ̀. N kò tíì rí ìwé mímọ́ mìíràn tó parí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá báyẹn.

Shankara, ẹni tí ìtàn sọ pé Kaladi ní Kerala ni wọ́n bí i sí, tí àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń fi í sí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, ni àgbà àwọn tó ní kò sí ìkejì rárá. Lójú tirẹ̀, Brahman nìkan ló wà, kò ní àwọ̀, kò ní ìwà, kò ní ìyàtọ̀ nínú. Ohun tó sì jẹ́ èèyàn gan-an, tí wọ́n ń pè ní ātman, kò yàtọ̀ sí i. Ibí ni ẹ̀rù ti bà yín, ibí náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí Shankara bá ka “ìyẹn ni ìwọ”, kì í ṣe ẹ̀yin tó ń gbé Leicester, tó bímọ, tí orí ń fọ́ nígbà mìíràn, ló ń pè ní Ọlọ́run. Ara kọ́, orúkọ kọ́, èrò tó ń wá tó ń lọ kọ́. Bóo ni ẹ ṣe mọ̀ pé inú ń bí yín? Ohun tó wà lẹ́yìn ìbínú náà tó ń wò ó, tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé tí kò sì yí padà, òun ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Shankara fúnra rẹ̀ gbà pé níwọ̀n ìgbà tí a ṣì wà nínú ayé tí à ń rí yìí, Olúwa tó dá ayé wà, àwa sì jẹ́ ẹ̀dá, ó sì yẹ ká sìn ín. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ síwájú dígí tó ní “èmi ni Ọlọ́run” kò kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Shankara.

Ramanuja, tó gbé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá wọ ìkejìlá, tí tẹ́ńpìlì Srirangam ní Tamil Nadu sì jẹ́ ibùdó rẹ̀, ní èyí kò tọ̀nà. Ó di ibòmíràn mú nínú Brihadaranyaka, ibi tí wọ́n ti sọ ti ẹni tó ń gbé inú ilẹ̀ tí ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, tí ilẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀, tó ń darí ilẹ̀ láti inú. Nítorí náà, bí ara ti jẹ́ sí ẹ̀mí ni ayé àti àwa ṣe jẹ́ sí Brahman. A kò lè dá wà láìsí i, ṣùgbọ́n a kì í ṣe òun. Brahman rẹ̀ sì ní ìwà rere àìlóǹkà, Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn tí Híńdù ń sìn jù, ni orúkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ àdúrà. Madhva ti Udupi, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: Ọlọ́run yàtọ̀ sí ẹ̀mí, Ọlọ́run yàtọ̀ sí nǹkan ayé, ẹ̀mí yàtọ̀ sí ẹ̀mí, ẹ̀mí yàtọ̀ sí nǹkan, nǹkan yàtọ̀ sí nǹkan, láéláé. Ọmọbìnrin onígbe-é-kaná yẹn ì bá ti rí ilé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Madhva pé “ìyẹn ni ìwọ” wá ńkọ́, ó ní wọn kò gé ọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ. Fáwẹ̀lì Sanskrit a máa wọnú ara wọn bí “gba owó” ti ń di “gbowó” lẹ́nu wa. Nítorí náà, ó ní atat ló wà níbẹ̀, pé ìwọ kì í ṣe ìyẹn. Gírámà gbà á láyè. Èmi kò gbà á, nítorí bàbá kan kì í fi ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án sọ fún ọmọ agbéraga pé kì í ṣe Brahman lẹ́yìn tó ti fi amọ̀ hàn án pé ọ̀kan ni gbogbo ìkòkò.

Ẹ lè bi mí pé ta ló wá jàre. Bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ Yajnavalkya, mo máa ń rò pé Shankara ló gbọ́ ọ yé jù. Bí mo bá ṣí Gita, tí Krishna, Olúwa tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀, ti ń bá Arjuna jagunjagun sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí pápá ogun, Ramanuja ló bá a mu lójú mi. Ní orí kejìlá, Arjuna béèrè pé ta ló dára jù, ẹni tó ń sìn ọ́ tàbí ẹni tó ń wá ohun àìrí tí kò lórúkọ? Krishna ní àwọn méjèèjì ń dé ọ̀dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ọ̀nà ohun àìrí nira fún ẹni tó gbé ara wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tu ọ̀pọ̀ Híńdù lára ju àríyànjiyàn gbogbo lọ. Àwọn ìwé náà pẹ́, èèyàn púpọ̀ ló kọ wọ́n, n kò sì gbà pé ohùn kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ pé ohùn kan ni.

Màyá ló kù. Irọ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí, ìtumọ̀ náà sì fẹsẹ̀ gbòdì. Nínú Rigveda, agbára àti ọgbọ́n àrà ni, èyí tí Indra fi ń para dà sí oríṣiríṣi. Svetasvatara Upanishad ní màyá ni ẹ̀dá ayé, Olúwa ńlá sì ni oní-màyá. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Shankara ló sọ ọ́ di òpó ẹ̀kọ́. Àpẹẹrẹ wọn ni ẹni tó rí okùn nílẹ̀ lálẹ́ tó pè é ní ejò: àyà rẹ̀ já lóòótọ́, ó sáré lóòótọ́, òógùn bò ó lóòótọ́, títí wọ́n fi gbé àtùpà dé. Wọn kò sọ pé ayé dà bí ọmọ tí àgàn bí, tí kò sí rí. Wọ́n ní ó wà lójú ẹni tí àtùpà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì dúró mọ́ nígbà tí ìmọ̀ bá dé. Ramanuja kò jẹ́ kí wọ́n sùn lórí rẹ̀. Ó béèrè pé ta ni àìmọ̀ tó ń sọ okùn di ejò yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹ bá ní ọwọ́ Brahman ni, ẹ ti ní Brahman tó jẹ́ ìmọ̀ jẹ́ aláìmọ̀kan. Bí ẹ bá sì ní ọwọ́ èèyàn ni, èèyàn tí ẹ ní àìmọ̀ ló mú un jáde, báwo ló ṣe di ẹni tó ni àìmọ̀ náà? Àwọn ọmọ Shankara ní èsì, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó tú sókò náà tán nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tiwọn ló wá kári òkèèrè jù, pàápàá láti ìgbà tí Vivekananda, olùkọ́ Híńdù kan láti Íńdíà, ti lọ sọ̀rọ̀ ní àpéjọ àwọn ẹ̀sìn ní Chicago ní 1893, ìdí nìyẹn tí “ayé, màyá ni” fi di ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ Híńdù tí ilé tiwọn kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé á ti máa sọ pé, ṣebí bí Olódùmarè àti àwọn òrìṣà náà nìyẹn. Ó jọ ọ́ ní ojú kan, pé ọ̀kan wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n Olódùmarè ń rán ni níṣẹ́, ó ń fúnni ní àṣẹ, ó sì ń dájọ́, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tiwa rí pé ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun ni Olódùmarè fúnra rẹ̀. Brahman ti Shankara kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi wé dandan, ẹ wo ọ̀dọ̀ Ramanuja tàbí Madhva.

Ti àwọn ère kò gùn. Kí wọ́n tó máa sìn ère ní tẹ́ńpìlì, ètò kan wà tí wọ́n fi ń pe èémí sínú rẹ̀. Ní Mumbai, lẹ́yìn ọdún Ganesha, olórí erin tí ẹ rí yẹn, wọ́n a gbé ère amọ̀ rẹ̀ lọ sínú omi kí ó yòrò. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn sọ pé àmì lásán ni gbogbo rẹ̀ o. Ní Srirangam, wọn á ní Olúwa wà nínú ère náà lóòótọ́, pé ojú àánú ló fi sọ ara rẹ̀ di ohun tí ọwọ́ èèyàn lè wẹ̀ kí ó sì wọ̀ láṣọ.

Àwòrán àárín ló jẹ́ kí n lè sọ díẹ̀ sí i fún yín. Ọmọdé olójú dúdú tó na ọwọ́ òsì sókè, Shrinathji ni, Krishna lọ́jọ́ tó gbé òkè Govardhan sókè bí agbòjò kí òjò má baà pa àwọn ará abúlé àti màlúù wọn. Nathdwara ní Rajasthan ni tẹ́ńpìlì rẹ̀ tó lókìkí jù wà, àwọn tó sì ń sìn ín jù ni ọmọ ẹ̀yìn Vallabha (1479–1531), wọ́n sì pọ̀ ní Gujarat. Vallabha kò gba ọ̀rọ̀ Shankara lórí ayé. Ó ní Brahman fúnra rẹ̀ ló di ayé, bí wúrà ti ń di ẹ̀gbà àti yẹtí tí kò sì yéé jẹ́ wúrà, nítorí náà òótọ́ ni ayé, jagat. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni saṃsāra, ìyẹn “èmi” àti “tèmi” tí èèyàn dà bo ayé: ilé mi, ọmọ mi, owó mi. Bí ìyá yẹn bá jẹ́ ọmọ ilé yìí, “tèmi” ló ṣeé ṣe kí ó máa bá wí nígbà tó dárúkọ màyá. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló bọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà tí ẹ bá tún yà, ẹ má bi í mọ́ pé èwo ni Ọlọ́run. Ẹ bi í pé jagat ló ń sọ àbí saṃsāra. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Vallabha, yóò kọ́kọ́ wò yín lójú, lẹ́yìn náà ni yóò gbé tíì kaná.